Abẹ́rẹ́ Epo Tí Kì í Yára Sọ̀kalẹ̀

"Ẹ máa wo epo inú ọkọ̀ kí ẹ tó jáde."

Ọkùnrin kan wà tí ìyàwó rẹ̀ sọ èyí fún un lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, kò sì sọ nǹkan mìíràn mọ́. Ó rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ta ni yóò máa rán irú òun létí epo?

Nítorí ní àdúgbò wọn, òun ni ọ̀gá nínú ká ṣọ́ epo lò. Àárọ̀ kùtù ló ń rà á, kí oòrùn tó mú ilẹ̀ gbóná. Bí wọ́n bá ń rọ ọ́, á máa mi ọkọ̀ jìgìjìgì kí epo lè ráyè wọlé. Bí ó bá dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á pa ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á yí fúnra rẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tó ń fi ìwọ̀n epo hàn nínú ọkọ̀ rẹ̀ kì í sì yára sọ̀kalẹ̀. Aládùúgbò kan bi í pé, "Bàbá, àbí omi lẹ̀ ń rọ sí tiyín ni?" Ó kọ́ àwọn aládùúgbò ní gbogbo rẹ̀. Tiwọn ṣì ń tán. Ó ní wọn kò mì ín dáadáa.

Ọjọ́bọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ máa ń gbé ọkọ̀ náà lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ. Bí ó bá dé, ọkọ á yọjú wo abẹ́rẹ́.

"Ìyá Morẹ́nikẹ́, o lọ, o bọ̀, kò kúrò níbi tó wà. Bí mo ṣe kọ́ ọ lo ṣe wà á."

"Bí ẹ ṣe kọ́ mi ni."

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ṣe gbogbo rẹ̀ bí ó ti ń ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, epo tán ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó rìn dé ilé epo tó wà nítòsí, èyí tí òun kì í yà sí nítorí pé epo tiwọn wọ́n. Obìnrin tó ń rọ epo níbẹ̀ wo ọkọ̀ lókèèrè, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, a gbọ́ o, ẹ kú àráfẹ́rakù. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni màmá ń yà síbí. Mo ní kí ló dé tí wọn kì í jẹ́ kó kún. Wọ́n ní tó bá kún, ẹ ó mọ̀. Wọ́n ní inú yín máa ń dùn tí ẹ bá ń wo abẹ́rẹ́ yẹn."

"Láti ìgbà wo?"

"Mo bá a bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbí."

Ọkùnrin náà dúró pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Ẹ̀rù kan bà á, irú èyí tí í ba ènìyàn nínú ilé Ọlọ́run. Ó wo ilẹ̀ ibẹ̀, ilẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú, ó ṣe é bíi pé kí ó bọ́ bàtà.

Ìwọ tí ò ń gbọ́, bí nǹkan kan nínú ilé rẹ kì í bá tán, má tètè yin ọgbọ́n ara rẹ. Béèrè ẹni tó ń bù kún un. Béèrè nígbà tí ó ṣì lè dá ọ lóhùn.

Ọkùnrin náà kò tíì sọ òótọ́ náà fún àwọn aládùúgbò tí ó kọ́. Kò tíì mú ìborùn ìyàwó rẹ̀ kúrò lórí àga ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò tíì rọ epo kún táńkì. Kò tíì dé ibojì rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú, bẹ́ẹ̀ ó ti wo epo inú ọkọ̀, epo náà tó gbé e dé ibẹ̀.