Bí Ọ̀kọ̀ Òkè Ẹwìrì Ṣe Di Olójú Méjì

Nígbà láéláé, ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí ọ̀kọ̀ ṣì ní ojú kan ṣoṣo, ayé kan wà nínú fóònù tí wọ́n ń pè ní Òkè Ẹwìrì. Ẹ má bá mi jiyàn pé inú fóònù kò ní láéláé. Ó ní. Láéláé ti inú fóònù kàn kúrú díẹ̀ ju ti inú igbó lọ ni.

Eré ni ayé náà, orí ayélujára ló sì wà. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kì í jẹ́ èèyàn mọ́, àwọ̀ ẹranko ni yóò gbé wọ̀. Télọ̀ kan ní Ìlá lè di ẹkùn níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ ata ní Ìwó lè di àṣá. Wọn kì í gbọ́ ohùn ara wọn. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ, yóò tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà rẹ̀ yóò sì yọ lókè orí rẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á.

Nígbà náà, gbogbo ẹranko ló fẹ́ jagun. Kò sẹ́ni tó fẹ́ rọ ohun tí wọn yóò fi jà. Wọ́n á sáré kọjá níwájú ilé àgbẹ̀dẹ, wọn kò ní yà, àfi Òkété nìkan.

Ìbídùn, obìnrin kan ará Ìrágbìjí, ló gbé àwọ̀ Òkété wọ̀. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí i, láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ló ń di ọmọ owú mú láti lu irin nílé baba rẹ̀. Ọmọbìnrin á pọn omi wá fún wọn, á gbé oúnjẹ wá, á sì padà sẹ́yìn ilé. Ìbídùn ti dàgbà, ó ń dirun fún àwọn èèyàn, ó ti bímọ pàápàá, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá ni kí ẹnì kan pe òun ní alágbẹ̀dẹ.

Akàn ni ọ̀gá ilé àgbẹ̀dẹ náà. Kò sí èèyàn kankan lábẹ́ àwọ̀ tirẹ̀. Àwọn tó dá eré náà sílẹ̀ ló fi í síbẹ̀, bóyá nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti jọ ẹmú tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Bí irin kò bá tíì pọ́n, yóò ní kí o fínná sí i. Bí irin bá ti pọ́n jù, yóò ní ó ti jó. Gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ náà nìyẹn.

Òkété wá èédú, ó wa òkúta irin lábẹ́ òkè, ó fi ẹwìrì fínná. Bí irin bá ti pọ́n bí ẹyìn, ó gbọ́dọ̀ fi ìka tẹ ojú fóònù kíá kí ọmọ owú lè bà á. Bó bá yá jù, irin yóò sán. Bó bá pẹ́ jù, irin yóò yọ́ dànù.

Ọ̀bẹ àkọ́kọ́ tó rọ ká kò bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e sán. Idà tó fi odindi ọjọ́ ìsinmi rọ dá sí méjì lọ́wọ́ ẹni tó fún, níwájú ọ̀tá, ẹni náà kò sì kí i mọ́.

Etu, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní kí ó fi ẹwìrì sílẹ̀, kí àwọn lọ máa pa ejò kiri bí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Òkété kọ̀. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan ṣoṣo, ó ní ohun tó fẹ́ yọ níbẹ̀. Ó ń lù ú lọ. Nígbà tó yá, ọ̀bẹ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé nǹkan, àdá rẹ̀ mú, idà rẹ̀ kò dá mọ́.

Síbẹ̀, Afínná ni gbogbo wọn ń pè é. Wọ́n á gba idà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á wá yíjú sí Akàn, wọ́n á dúpẹ́. Akàn tí kò mọ ohun tí ọpẹ́ jẹ́, yóò ní kí wọ́n fínná sí i.

Ó wá di ọjọ́ kan, ìròyìn dé pé Àràbà Arìn ń bọ̀. Igi ni. Ó ga ju òkè lọ, gbòǹgbò ló sì fi ń rìn. Ìlú tó bá tẹ̀ mọ́lẹ̀, ohunkóhun kì í ṣẹ́kù síbẹ̀. Ilé á lọ, ẹrù á lọ, iṣẹ́ ọwọ́ tí oníkálukú ti kọ́ á sì pa rẹ́, onítọ̀hún yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Nígbà tí Òkété gbọ́, àyà rẹ̀ já. Ó ronú kan ọ̀bẹ tó ká kò, kò sì fẹ́ padà sídìí rẹ̀ mọ́ láéláé.

Ẹfọ̀n ni Balógun ìlú tí ilé àgbẹ̀dẹ náà wà. Alágbára ni, ó lójú àánú, àmọ́ ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo irin tó wà ní ìlú wá sílé àgbẹ̀dẹ, kò gbọdọ̀ ku ẹyọ kan. Ó wá tẹ ọ̀rọ̀ fún Òkété bó ṣe ń sáré lọ sí ẹnu ààlà láti wo ibi tí igi náà dé. Ohun tó tẹ̀ nìyí: "E ro oko fun gbogbo wa."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Kò fi àmì kankan sí i. Ọ̀kọ̀ ló ní lọ́kàn, ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń jù lójú ogun. Ṣùgbọ́n èyí tó tẹ̀ lè jẹ́ oko tí bàbá yín ń lọ, ó lè jẹ́ ọkọ tí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ń wá, ó sì lè jẹ́ ọkọ̀ tí ẹ ń wọ̀ lọ sílé ìwé.

Òkété kà á, ó sì yé e lójú ẹsẹ̀. Láti kékeré ló ti mọ ohun tí wọ́n ń rọ nílé baba rẹ̀ bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ṣú. Kò sí oníbàárà tó bẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ rí. Ọkọ́ ni, kò sí àní-àní. Ó ní Balógun á fẹ́ kí àwọn gbẹ́ kòtò yí ìlú ká nìyẹn. Ó tilẹ̀ yìn ín nínú ara rẹ̀ pé ọlọ́gbọ́n ọkùnrin ni.

Ọkọ́ wà lára ohun tí Akàn mọ̀ ọ́n kọ́ni. Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ rí ni, torí pé irinṣẹ́ oko ni, wọn kò kà á mọ́ ohun ìjà. Òkété fínná. Irin pọ́n, ó lù ú, ó tẹ́, ó lu etí rẹ̀ kí ó lè mú. Akàn kò rí nǹkan kan bá a wí. Ọkọ́ ń to jọ lẹ́nu ọ̀nà títí gbogbo irin ìlú fi tán. Inú Òkété dùn gan-an, nítorí ó mọ̀ pé òun kò tíì rọ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹfọ̀n dé pẹ̀lú gbogbo ọmọ ogun lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo òkìtì náà, ó bèèrè ohun ìjà òun. Òkété nawọ́ sí i.

"Oko ni mo ni," Ẹfọ̀n tẹ̀ ẹ́.

"Oko naa re e, Balogun," Òkété dá a lóhùn.

"Mo ni oko."

"Oko ni, e wo o daadaa."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn fà á, ọ̀rọ̀ kan náà lókè orí àwọn méjèèjì, tí ẹnì kan kò sì gbọ́ ẹnì kejì yé. Ìgbà tí Ẹfọ̀n tẹ̀ ẹ́ pé èyí tí wọ́n fi ń gún nǹkan ni òun wí, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó yé Òkété.

Etu ní ọpẹ́ ni pé kì í ṣe ọkọ tí wọ́n ń fẹ́ ló rọ, ì bá ti kó gbogbo wọn wọ ilé. Gbogbo ọmọ ogun rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dùn, torí irin ti tán, kò sì sí òmíràn.

"Okete, bayii ni iwa re?" ni Ẹfọ̀n tẹ̀. "Bi ilu yii ba seku lonii, o ko ni fowo kan omo owu nibe mo."

Ojú ti Òkété. Ní Ìrágbìjí, lórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Ìbídùn sunkún. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Eré ni eré, àmọ́ ẹkún kì í ṣe eré.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àràbà Arìn ti dé. Ẹfọ̀n ju ọ̀kọ̀ ògbólógbòó kan tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ wọlé sára igi, igi ń bọ̀. Àwọn tó ní idà sá a, èèpo rẹ̀ tún padé. Àṣá bà lé e lórí, ó ń fi ẹnu sọ ọ́, igi kò gbọ́. Ìlà pupa tó ń fi ẹ̀mí igi náà hàn kò dín rárá. Ẹnu bodè kò sì jìnnà mọ́.

Òkété kò ní ohun tó ń ṣe, ìyẹn ló jẹ́ kó ráyè wò. Ó rí i pé kí igi náà tó gbé ẹsẹ̀ kan, yóò kọ́kọ́ ri gbòǹgbò bọ ilẹ̀ jìnnà, yóò dì í mú ṣinṣin, kó tó fa èyí tó wà lẹ́yìn. Òkété sì rèé, ẹranko tó ń gbé inú ihò, kí ló tún mọ̀ ju ilẹ̀ lọ? Igi tí kò rí ilẹ̀ dì mú kò lè dúró, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kó rìn.

Ó he ọkọ́ kan, ó sá wọ abẹ́ igi náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìdí gbòǹgbò bí ẹni ń ro iṣu, ó ń wọ́ erùpẹ̀ sẹ́yìn. Gbòǹgbò yọ síta, ó ń wá ilẹ̀, kò rí i. Igi náà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ìlà pupa dín.

Àwọn àgbà ní Ògún tó bá dáni lójú là ń fi gbá orí. Òkété dúró síbẹ̀, lábẹ́ gbòǹgbò tó lè tẹ̀ ẹ́ pa, ó ń tẹ ọ̀rọ̀. Kò fẹ́ àṣìṣe mọ́. Ó tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ títí àmì rẹ̀ fi yọ, ó mú un, ó lọ sí òmíràn. Gbogbo wọn rí i lókè orí rẹ̀ kedere: "Ẹ mú ọkọ́."

Etu ló kọ́kọ́ mú tirẹ̀. Ó ti dákẹ́ ẹ̀fẹ̀. Ẹkùn mú un, àṣá mú un, wọ́n ya wọ abẹ́ igi. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n lábẹ́ àwọ̀ yẹn, ọwọ́ wọn kò gbàgbé. Wọ́n tò bí ará ọ̀wẹ̀, poro lẹ́gbẹ̀ẹ́ poro, wọ́n ń ro lọ, wọ́n ń ro bọ̀. Ẹfọ̀n wò wọ́n, ó wo òkìtì ọkọ́ tó fi ṣẹ̀sín, ó gbé tirẹ̀ náà, ó sì tẹ̀ ba.

Wọ́n hú gbòǹgbò kan, wọ́n hú òmíràn. Àràbà Arìn fì síhìn-ín, ó fì sọ́hùn-ún, ó na ẹ̀ka mú òfúrufú. Òfúrufú kì í ṣe ilẹ̀. Ìlà pupa tán pátápátá, igi ńlá náà sì wó sẹ́yìn, gbalaja, sí ọ̀nà tó gbà wá. Kò sí ilé kan tó bà jẹ́ ní Òkè Ẹwìrì.

Ayọ̀ gba ìlú. Ẹkùn ń jó tòun tọkọ́ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n gbé Òkété sókè, wọ́n gbé e yí ìlú po.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú Ẹfọ̀n, Balógun bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Àmì ló ń wá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yọ, gbogbo àmì rẹ̀ ló pé: "Alágbẹ̀dẹ wa, ẹ ṣeun. Ẹ dárí jì mí."

Ní Ìrágbìjí, Ìbídùn dìde dúró níwájú oníbàárà tó ti ń retí rẹ̀ tòun ti irun tó dì láàbọ̀. Obìnrin náà bèèrè pé kí ló dé. Ìbídùn ní kò sí nǹkan, wọ́n ń pe òun ni.

Àwọn tó dá eré náà sílẹ̀ ti ń wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun ìjà tuntun kan ti wà lára ògiri Akàn. Òkété sì ni wọ́n ní kí ó máa kọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀kọ̀ Òkè Ẹwìrì ti di olójú méjì, tí ẹnu ṣóńṣó wà ní orí kan rẹ̀, tí ọkọ́ sì wà ní orí kejì: ọ̀kan fún ohun tí Balógun ní lọ́kàn, ọ̀kan fún ohun tí alágbẹ̀dẹ kà.