Ọjọ́ Tí Ehoro Ní Ọjà Ti Fẹ́ Kú

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gba àlọ́ mi o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi já ṣọ́ọ́, ó bọ́ sí ọjà àwọn ẹranko.

Ìgbín pẹ́ lọ́nà, àtẹ rẹ̀ sì ṣófo. Ehoro rí i, ó figbe ta: "Ọjà ti fẹ́ kú o!"

Àyà Òkété já, kò ra iṣu Ọ̀bọ mọ́. Nígbà tí iṣu kò tà, Ọ̀bọ kò lè ra ẹní Ọ̀yà. Ni Ọ̀yà bá ń palẹ̀ mọ́ tẹkúntẹkún.

Ẹ bá mi gbè é:
Ọjà ń kú lọ o!
Ẹ sáré!
Ta ló fojú rí i?
Ẹ sáré!

Kó tó di ọ̀sán, ọjà ti tú. Ehoro ní, "Ṣé ẹ rí i pé òótọ́ ni mo sọ?"

Lọ́jọ́ náà, Ọ̀bọ tó ní iṣu sùn sórí ilẹ̀ lásán, Ọ̀yà tó ní ẹní sì febi sùn.