Orí Efúnyẹmí àti Epo Ọba

Ní ìlú Igbọ́pẹ, àwọn ará àdúgbò Òkè-Ẹkù ni wọ́n ń ṣe epo pupa tí gbogbo ìlú ń jẹ. Obìnrin ni olórí wọn, Ìyálẹ́kù ni oyè rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ tó ga jù lọ sì ni kí ó ru àkọ́ṣe epo ọdún lọ sí ààfin. Inú àwo amọ̀ tí kò ní ìdérí ni epo náà máa ń wà, á kún dé etí, ẹni tó rù ú kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi dé iwájú ọba. Bí ẹ̀kán kan bá kán sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ̀tọ́ àtirù ú bọ́ lọ́wọ́ Òkè-Ẹkù nìyẹn. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò, tí wọ́n ti ń fojú sọ́nà fún un tipẹ́, ni yóò máa rù ú lọ.

Efúnyẹmí ni Ìyálẹ́kù lásìkò tí à ń sọ yìí. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti ń ru epo ọba, epo kò sì dà lórí rẹ̀ rí. Ká sòótọ́, obìnrin náà mọ̀ ọ́n rìn. Bí wọ́n bá ti gbé àwo lé òṣùká orí rẹ̀, tó sì gbẹ́sẹ̀, àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà á dúró wò ó. Àwọn ni wọ́n máa ń fi í kọrin pé Efúnyẹmí rìn, rìn, rìn, orí rẹ̀ ò mì. Oríyìn lásán ni, bí ìgbà tí a bá sọ fún ọmọge pé eyín rẹ̀ funfun ju òwú lọ. Ṣùgbọ́n Efúnyẹmí kò gbà á bí oríyìn, òótọ́ ló gbà á sí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó dá a lójú pé nínú gbogbo ọmọ adáríhurun, orí tòun nìkan ni kì í mì.

Ìgbàgbọ́ yìí ì bá má pa ẹnikẹ́ni lára bí kì í bá ṣe ti orúnkún. Orúnkún ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó sì di dandan kí ó wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ó kó àwọn ọmọge àdúgbò jọ, ó ní kí wọ́n máa ru omi láti odò wá sílé nínú àwo pẹlẹbẹ. Òun á jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní wo omi rárá, ọrùn ni yóò máa wò. Ọmọ á dé, omi á pé, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Ìyálẹ́kù á ní, ta ló bi í léèrè omi, ṣé kò mọ̀ pé orí rẹ̀ mì ni? Nígbà tó pẹ́, ọ̀kan lọ sílé ọkọ, èkejì lọ kọ́ aṣọ híhun, àwọn yòókù ní iṣẹ́ oko ò jẹ́ káwọn ráyè.

Àwẹ̀ró nìkan ló kù. Ọmọ àbúrò Efúnyẹmí ni, ìyá rẹ̀ ti kú, Efúnyẹmí ló tọ́ ọ dàgbà. Ìfẹ́ ló mú un dúró, nítorí kò sí ohun tó wù ú ju kí ìyá náà sọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé ó ṣe é dáadáa. Nígbà mìíràn, á lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún. Efúnyẹmí mọ̀, ó sì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó rò pé bí òun bá gba èyí tí kò pé, òun ló máa ba iṣẹ́ àwọn ìyá òun jẹ́.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Tinúọlá, tí wọ́n jọ dàgbà, tó sì máa ń tẹ̀lé e lẹ́yìn lọ sí ààfin lọ́dọọdún. Tinúọlá wí títí ó sú u.

"Efúnyẹmí, epo ni ọba ń jẹ o, kì í jẹ ọrùn."

"Èyí tó pé ni mo fẹ́," ni èsì rẹ̀.

Lọ́dún kan, ọba ránṣẹ́ pé ojú òun ò kúrò lára orúnkún Ìyálẹ́kù. Bí wọ́n bá ń gbé epo bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kí ó fi ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ han òun. Bí kò bá sí, Ìsàlẹ̀-Odò ní ọmọ púpọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, gbogbo obìnrin Òkè-Ẹkù ti múra. Ṣùgbọ́n Efúnyẹmí ní kí Àwẹ̀ró kọ́kọ́ ru omi yípo àgbàlá kí òun rí i. Ọmọ náà lọ, ó bọ̀, ẹ̀kán kan kò dà. Ìyá ní orí rẹ̀ mì, kó tún un rù. Báyìí ni wọ́n ń bá a bọ̀ títí oòrùn fi kọjá àtàrí, títí tó fi rọlẹ̀ díẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Efúnyẹmí dìde, ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó ní òun fúnra òun ni yóò rù ú, òun yóò sì bẹ ọba kó fún òun lọ́dún kan sí i. Gbogbo wọn mọ̀ pé ọba kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Tinúọlá gbé àwo lé e lórí, wọ́n sì kọrí sí ààfin.

Láti ìgbà tó ti ń ru epo, ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń gbéra, nígbà tí òjìji ẹni wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Lọ́jọ́ yìí, oòrùn ti wà lẹ́yìn wọn, òjìji Efúnyẹmí sì nà gbọọrọ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ó ń wò ó bó ti ń lọ. Ó rí orí kan tó gbé àwo, tó ń yẹ̀ sọ́tùn-ún, tó ń yẹ̀ sósì. Ó kọ́kọ́ rò pé òjìji Àwẹ̀ró tó wà lẹ́yìn òun ni, inú sì bí i. Ṣùgbọ́n àwo kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà yẹn, orí òun ló sì wà.

Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó wá na ọrùn, ó mú un le kí orí má baà mì mọ́. Epo tó ti ń sùn jẹ́jẹ́ láti ilé jí lójijì. Ó rọ́ lu etí àwo, ó sì ṣàn wá sí iwájú orí rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó kán sílẹ̀ láti ìpéǹpéjú. Efúnyẹmí dúró gbagidi. Àwẹ̀ró sáré bọ́ síwájú, ó fi etí ìró rẹ̀ nu epo náà.

"Tinúọlá," ni Efúnyẹmí pè láìwẹ̀yìn, "ǹjẹ́ orí mi ń mì?"

"Ó ń mì."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀lé ọ."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Epo ò dà rí. Kí ni ǹ bá sọ?"

Ojú ti ìyá arúgbó náà, ó sì káàánú ọmọ tó wà níwájú rẹ̀, tí ìró rẹ̀ ti pọ́n fún epo. Ó rántí gbogbo omi tí kò dà, tí òun kò sì yìn ín. Ó ní kí Tinúọlá gbé àwo náà kúrò lórí òun, kó gbé e lé Àwẹ̀ró lórí.

"Ìyá, orí mi á mì o."

"Jẹ́ kó mì, ọmọ mi. Máa rìn."

Bẹ́ẹ̀ ni Efúnyẹmí ṣe rìn tẹ̀lé epo ọba fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ń wo ìpàkọ́ ọmọ náà: bí ẹsẹ̀ ti ń lọ ni orí ń bá a lọ, epo sì dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ nínú àwo. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí wọ́n fi dé ààfin. Ọba tọ́ epo wò, ó wo Àwẹ̀ró, ó wá bi Ìyálẹ́kù bóyá ó ti rí ẹni tí orí rẹ̀ kì í mì, tí gbogbo ìlú gbọ́ pé ó ń wá.

"Kábíyèsí, mo wá a títí, n ò rí i, àní lọ́rùn ara mi. Ẹni tí epo kì í dà lórí rẹ̀ ni mo mú wá."

Ọba ní ó tó bẹ́ẹ̀. Àwẹ̀ró ló ń ru epo lọ láti ọdún náà, Efúnyẹmí sì padà sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó ti ń wo omi àwọn ọmọge tuntun tó wá kọ́ iṣẹ́ náà. Bí ọ̀kan bá dé tó ń bẹ̀bẹ̀ pé orí òun mì, á rẹ́rìn-ín, á ní kó lọ sọ omi kalẹ̀, kó wá jẹun. Ọ̀rọ̀ tó máa ń fi tù wọ́n nínú ló di òwe lẹ́nu àwọn àgbà títí dòní, tí wọ́n fi ń sọ pé: kò sí bí ènìyàn ṣe lè rìn kí orí rẹ̀ má mì.