Bí Orúkọ Dẹlakúrúsì Ṣe Jáde Láti Inú Ilẹ̀ ní Ìdí-Ọ̀mọ̀

Ní ọdún tí Jagunmólú ará Ìgbóyè dó ti ìlú Ìdí-Ọ̀mọ̀, ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá gbáko tí àwọn ará ìlú náà kò fojú kan omi tuntun kí ìgbìmọ̀ tó jókòó; ìwọ̀nba tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò ni wọ́n ń bù tọ́ ètè. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ewé ti wọ́ tán lórí igi, ilẹ̀ ti lanu, odò kan ṣoṣo tí gbogbo ìlú ń pọn sì wà lẹ́yìn odi, níbi tí ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun pàgọ́ sí. Jagunmólú kò ta ọfà kan, kò sì ti iná bọ ilé kan. Jagunjagun ni, ṣùgbọ́n ìkà tó ní sùúrù ni pẹ̀lú. Ó mọ̀ pé òǹgbẹ a máa ṣiṣẹ́ idà. Láràárọ̀ ni ikọ̀ rẹ̀ ń wá sí ẹnu ibodè láti sọ ọ̀rọ̀ kan náà: "Ẹ kó àwọn ẹrú mi méjìlá jáde, kí ẹ wá pọnmi." Àwọn méjìlá yìí ti sá kúrò lóko rẹ̀ nígbà òjò, Baálẹ̀ Oyèékàn ti Ìdí-Ọ̀mọ̀ sì ti fún wọn ní ilẹ̀ tí wọn yóò máa dá. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí fún wọn pé kò sí ẹni tí yóò mú wọn. Ọ̀rọ̀ tí àgbà bá sọ nígbà tí omi wà nílé, ìgbà tí omi bá tán ni a ó mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ni.

Láníhun, dáódù Baálẹ̀, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ kọkànlá náà. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, ó ga, ó sígbọnlẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ni àga baba òun yóò kàn lọ́jọ́ kan. Àmọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, ti bí ọmọkùnrin fún un, ọmọ náà sì ti pé ọjọ́ mẹ́wàá láìlórúkọ, nítorí kò sí omi tuntun tí a ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọyàn ìyá rẹ̀ ti ń gbẹ. Nítorí náà, nígbà tí Ọ̀tún dìde tó ní, "Baálẹ̀, àlejò ni wọ́n. Ẹni tí kò ní agboolé, ta ni yóò béèrè rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé olówó wọn," Láníhun kò bínú sí i. Ìtìjú ni èyí jẹ́ fún un títí ọjọ́ ikú rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ dùn pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

"Ọ̀tún, ẹ má bínú," obìnrin arúgbó kan wí láti ẹnu ọ̀nà. "Bí ọ̀tá bá mú àwọn yìí lọ lọ́dún yìí, ta ni yóò wá mú lẹ́ẹ̀míì? Mo rí i pé agboolé tiyín ló sún mọ́ ibodè jù."

"Ìyá Àgùdà, ẹnu tiyín kò gbẹ bíi tiwa ni?" Ọ̀tún bi í.

"Ó gbẹ. Ìdí tí mo fi ń sọ díẹ̀ nìyẹn."

Àwọn àgbà tí wọn kò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ mẹ́wàá rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ni Àwẹ̀ró, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgùdà nítorí ó ti òkè òkun padà bọ̀, tí wọ́n sì ń kì títí dòní pé: Àwẹ̀ró, obìnrin tí òkun gbé mì tí òkun pọ̀ sílẹ̀, kékeré bí abẹ́rẹ́, tí adìẹ kò lè gbé mì. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí ogun kó o, ọkọ̀ sì gbé e dé Kúbà, níbi tí àwọn ará Sípéènì ti ń jọba. Ogójì ènìyàn ló sọ̀kalẹ̀ láàyè nínú ọkọ̀ náà. Ọjọ́ tí wọ́n dé bọ́ sí ọjọ́ àjọ̀dún Àgbélébùú Mímọ́, ó sì ti rẹ àlùfáà tí yóò ṣe ìrìbọmi fún wọn. Kò béèrè orúkọ baba ẹnikẹ́ni. Ó wọ́n omi sí gbogbo wọn lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì kọ orúkọ ìdílé kan ṣoṣo fún ogójì ènìyàn: De la Cruz, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "ti Àgbélébùú", tí ẹnu tiwa sì sọ di Dẹlakúrúsì. Bí ẹni ń fi àmì sí ẹran ló ṣe fi orúkọ náà sí wọn lára. Ṣùgbọ́n òkúta tí aláìbìkítà bá jù sílẹ̀, ọlọ́gbọ́n a máa fi í kọ́lé. Àwọn ogójì náà, tí ìlú wọn kò papọ̀, tí èdè wọn kò dọ́gba, pinnu pé níwọ̀n bí a ti pe àwọn ní ọmọ ilé kan, ọmọ ilé kan ni àwọn yóò jẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọdọ̀ gba pàṣán láti na ẹnìkejì, ìyà yòówù kó torí rẹ̀ jẹ ẹ́. Wọ́n ń fi orúkọ náà fún ẹni tí kò ní ẹni, wọ́n ń fi fún ọmọ òrukàn. Kí Àwẹ̀ró tó gba òmìnira, àwọn tí ń jẹ́ ẹ ní ilẹ̀ náà ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Iṣẹ́ kànga ni wọ́n fi Àwẹ̀ró sí, nítorí ara rẹ̀ kéré, ó lè wọ ibi tí ọkùnrin kò lè wọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wà nínú ilẹ̀ onílẹ̀. Nígbà tó wá darúgbó tó padà wálé, kò mú ohun kan bọ̀ ju dígà irin kan, okùn gígùn kan, àti orúkọ náà.

"Baálẹ̀," ó ní, "ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́fà. Òkìtì ìkán kan wà lẹ́yìn ilé yín. Gbogbo ilẹ̀ ló gbẹ, ṣùgbọ́n amọ̀ tí ìkán ń gbé jáde níbẹ̀ tutù. Ẹ jẹ́ ká wa kànga."

Àwọn àgbà mi orí pé rárá. Kì í ṣe pé wọn kò gbà á gbọ́. Òfin kan wà tí Ìdí-Ọ̀mọ̀ àti Ìgbóyè àti gbogbo àgbègbè náà jọ ń pa mọ́ láti ìṣẹ̀dálẹ̀: ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀ kọjá ìwọ̀n isà òkú, òkú ni, bó tilẹ̀ gòkè padà wá. A ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ní agboolé baba rẹ̀, a ó pín oko rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ yóò sì di opó. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí kànga kankan nílẹ̀ náà. Jagunmólú fúnra rẹ̀ ló lo òfin yìí gbẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jìn sí ọ̀fìn ọdẹ, wọ́n fà á yọ láàyè, ṣùgbọ́n Jagunmólú pè é ní òkú níwájú gbogbo Ìgbóyè, ó sì jogún ilé rẹ̀, oko rẹ̀ àti oyè rẹ̀.

"Ta ni yóò wà á?" Baálẹ̀ béèrè. "Ta ló fẹ́ sọ orúkọ baba rẹ̀ nù sínú ihò?"

Ìdògbé, àgbà nínú àwọn méjìlá náà, dìde níta níbi tó lóṣòó sí. "Ẹ jọ̀ọ́, Baálẹ̀, àwa kò ní orúkọ kan tí a ó sọ nù. Olówó wa ti bá wa sọ ọ́ nù tipẹ́. Ẹ ṣáà fi ihò náà hàn wá."

Àwẹ̀ró wò wọ́n títí. Ó ní, "Ẹ ó wọlẹ̀ láìlórúkọ, ẹ ó gòkè ní Dẹlakúrúsì. Ọmọ mi ni yín láti ìsàlẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹni tó bá ń jẹ́ ẹ kò gbọdọ̀ fa ẹnìkejì rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́, ìbáà ṣe pé òǹgbẹ ni yóò pa á. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó má gbà á."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n so okùn pupa mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò níbi tí ìwọ̀n isà òkú pin sí, gbogbo ìlú sì dúró yí i ká. Nígbà tí orí Ìdògbé kọjá okùn náà, àwọn obìnrin ká ọwọ́ lérí, wọ́n bú sẹ́kún bí ìgbà tí òkú bá sùn nílé. Ohùn Ìdògbé ti ìsàlẹ̀ wá. "Ẹ̀yin ará òkè, ẹ rọra. Ìhín tutù ju ilé yín lọ." Wọ́n la ilẹ̀ pupa kọjá, wọ́n la amọ̀ funfun kọjá, wọ́n kan òkúta. Ìgbà gbogbo ni Àwẹ̀ró ń so fìtílà mọ́ okùn sọ̀kalẹ̀ ṣáájú wọn. Bí iná bá kú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ihò, nítorí afẹ́fẹ́ búburú wà nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀kan nínú wọn, Fádáyọ̀mi, kò dúró de fìtílà nítorí ó ń kánjú. Wọ́n fà á jáde, kò mí mọ́. Àwọn mọ́kànlá tó kù jókòó sínú erùpẹ̀, ọwọ́ wọn ti bó, ètè wọn ti la, kò sì sí ẹni tó lè gbé dígà sókè. Àwẹ̀ró gé imọ̀ ọ̀pẹ, ó ń sọ ọ́ sọ̀kalẹ̀, ó ń fà á gòkè, títí ó fi lé afẹ́fẹ́ búburú náà jáde tí fìtílà fi jó. Lẹ́yìn náà ó so okùn mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó mú dígà, ó sì wọ ilẹ̀ lọ, arúgbó tí egungun rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ.

Ẹ̀rù ba Láníhun. Kì í ṣe ẹ̀rù ihò náà. Ó wo gbogbo ọkùnrin ìlú tó yí kànga ká, tí wọ́n taagun, tí wọ́n ní orúkọ, tí wọ́n ń wo obìnrin kan tó ń lọ kú nítorí wọn. Ó bọ́ fìlà, ó bọ́ agbádá, ó kó wọn fún Àmọ̀kẹ́.

"Láníhun," Baálẹ̀ wí, "bí ẹsẹ̀ rẹ bá kọjá okùn yẹn, n ò ní dáódù mọ́. Ìyàwó rẹ di opó lójú rẹ. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí fún àwọn èèyàn yìí. Ìlérí yín ni mo ń lọ gbé ró nísàlẹ̀. Ọmọ tí kò bá lè gbé ọ̀rọ̀ baba rẹ̀, kí ló fẹ́ fi orúkọ baba rẹ̀ ṣe?"

Baálẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí kànga, nítorí òbí kì í rí isà ọmọ rẹ̀. Láníhun sọ̀kalẹ̀ kọjá okùn pupa. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ Ọ̀tún méjèèjì fi tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ àgbẹ̀ tẹ̀ lé wọn, àwọn alágbẹ̀dẹ náà wá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ karùn-ún tó ṣú, àwọn òkú tó ń ṣiṣẹ́ nínú kànga náà ti lé ní àádọ́ta, ẹnikẹ́ni kò sì lè dá ẹrú mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ nínú wọn, nítorí amọ̀ kan náà ló kùn wọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, Láníhun àti Àwẹ̀ró nìkan ló wà nísàlẹ̀. Ojú ọ̀run lókè kò ju àwo kékeré lọ. Arúgbó náà fi etí ti òkúta, ó ní, "Ẹ gbọ́, dáódù." Láníhun gbọ́ ohun kan tó dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú yàrá kejì. Ó gbé dígà, ó fi gbogbo agbára sọ ọ́, òkúta là, omi tutù sì bo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún.

"Ẹ má sunkún sínú ẹ̀," Àwẹ̀ró wí, "yóò níyọ̀."

Igbá àkọ́kọ́ kò lọ sọ́wọ́ Baálẹ̀. Àwẹ̀ró fi tọ́ ọmọ Àmọ̀kẹ́ tí kò tíì lórúkọ náà lẹ́nu, ó sì sọ ọ́ lórúkọ. "Nínú òfin, kò ní baba," ó ní. "Nítorí náà Dẹlakúrúsì ni."

Àmọ̀kẹ́ ní, "Opó lèmi náà láti ìjẹta. Ọkọ tó wù mí wà láàrin àwọn òkú yín, Ìyá. Ẹ bá mi fẹ́ ẹ." Gbogbo ìlú mumi, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fọ aṣọ, wọ́n sá a sórí odi, kí ọ̀tá lè rí i bó ṣe ń kán omi sílẹ̀. Ní àgọ́ Jagunmólú, ẹṣin àti ènìyàn ti da odò rú, ìgbẹ́ gbuuru sì ti ń dá àwọn ọmọ ogun dùbúlẹ̀. Jagunmólú wá sí ẹnu ibodè fúnra rẹ̀, Àwẹ̀ró sì jáde lọ pàdé rẹ̀ pẹ̀lú Láníhun àti Ìdògbé.

"Bí ẹ rí omi, ẹ rí omi," Jagunmólú wí. "Èmi ò tíì rí ẹrú mi."

"Ẹrú yín ti kú, Ológun. Gbogbo ìlú ló rí wọn tí wọ́n kọjá ìwọ̀n isà. Ta ló ń mú òkú sìn?"

"Arúgbó, Ìdògbé ni mò ń wò yìí. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀gbọ́n yín náà ń mí nígbà tí wọ́n fà á jáde lọ́fìn. Ó pè yín lórúkọ, ẹ ní òkú ni. A kò bá yín jà sí i, òfin ni. Bí Ìdògbé bá wà láàyè, ẹ̀gbọ́n yín wà láàyè. Ẹ mú ọ̀kan, Ológun, kí àwọn tó wà lẹ́yìn yín lè mọ ẹni tó ni ilé tí ẹ ń sùn."

Jagunmólú bojú wẹ̀yìn. Àwọn tó ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun náà, wọn kò sì wo ilẹ̀ nígbà tó wò wọ́n. Kí oòrùn tó yẹ̀ àtàrí, ó ti ń ká àgọ́ rẹ̀. Àwẹ̀ró ní kí wọ́n bu omi fún àwọn aláìsàn inú wọn kí wọ́n tó lọ, nítorí ẹni tí òǹgbẹ ti gbẹ rí kò gbọdọ̀ fi í dá ẹlòmíràn lóró. Mẹ́sàn-án nínú àwọn ọmọ ogun náà padà wá kí òjò tó rọ̀, wọ́n ní kí a fi àwọn náà sọ̀kalẹ̀ sínú kànga, kí àwọn lè máa jẹ́ Dẹlakúrúsì.

Nígbà tí Baálẹ̀ Oyèékàn wàjà, àwọn afọbajẹ ní òkú kì í joyè, pé kí a wá ẹni tó wà láàyè nínú ilé Baálẹ̀. Àwọn ìbátan méjì ló kù tí wọn kò sọ̀kalẹ̀ rí. Ọ̀tún dìde, ó ti darúgbó púpọ̀ nígbà náà. Ó ní, "Àwa alààyè la fẹ́ fa èèyàn méjìlá lé ogun lọ́wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ má fi alààyè bíi tèmi jẹ ìlú yìí." Báyìí ni Láníhun Dẹlakúrúsì ṣe di Baálẹ̀.

Orúkọ náà ti tàn dé Ẹ̀pẹ́, ó ti dé Èkó, ó wà lára àwọn tí kò mọ Kúbà tí wọn kò sì rí Ìdí-Ọ̀mọ̀ rí. Èèwọ̀ ni láti bi Dẹlakúrúsì kan léèrè bóyá ẹrú ni baba ńlá rẹ̀ tàbí ọmọ oyè. Ní Ìdí-Ọ̀mọ̀ títí dòní, ẹni tí kò bá tíì sọ̀kalẹ̀ sínú kànga Àwẹ̀ró kò lè jókòó sórí àga Baálẹ̀. Ní ọ̀sán gangan ni wọ́n ń fi í sọ̀kalẹ̀, òun nìkan, láìdé fìlà, àwọn obìnrin a sì ká ọwọ́ lérí, wọn a máa sunkún rẹ̀ bí òkú, títí igbá omi àkọ́kọ́ tó bù fún ìlú yóò fi yọ lẹ́nu kànga.