Ibi Tí Kò Ní Onílé

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó kọjá odò, ó bà lé Àparò lórí.

Àwọn ẹranko kan kọ́lé yí ẹsẹ̀ Òkè Ìdẹ̀ra ká. Lórí òkè yìí ni wọ́n ti ń jẹko. Lọ́dọọdún, kí ọyẹ́ tó dé, kálukú a ro iwájú ilé rẹ̀, kí iná ìgbẹ́ má baà rí ọ̀nà gun òkè.

Lọ́dún kan, Àparò fò yí ká, ó rí i pé koríko ṣì ga lẹ́bàá ìsun omi ẹsẹ̀ òkè, níbi tí gbogbo wọn ti ń mumi. Kò sílé ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó sáré bá Ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n ní, "Mo ti ro tèmi." Ó bá Túùkú. Túùkú ní, "Ṣé iwájú ilé mi ni?" Òkété ní tirẹ̀ ti wọ ihò lọ.

Àfi bí èéfín ṣe yọ. Iná ń bọ̀, ó ń ta pàràpàrà! Àparò nìkan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀ lẹ́bàá ìsun omi náà, ó ń kọrin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é:

Iná ń bọ̀ o, ta ni yóò ro ó?
Òkè wa ni.
Ibi tí kò ní onílé ńkọ́?
Òkè wa ni.

Ara Ẹfọ̀n ò gbà á mọ́. Ó sáré wá fi ìwo hú koríko, Túùkú fi imú tú ilẹ̀, Òkété jáde nínú ihò, ó da yanrìn sí i. Iná dé, ó wá ọ̀nà títí, ó kú síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ibi tí kò ní onílé ni wọ́n kọ́kọ́ ń ro. Èéfín ọjọ́ náà ló sì mú kí aṣọ Àparò pọ́n títí dòní. Ẹni tó bá fi aṣọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ bi í pé níbo ló ti ń mumi.

Bí mo bá purọ́, kí èéfín ta mí lójú.