Wíìlì Tí Ọ̀gá Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Yí

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí Abíọ́nà, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ agéirin oníkọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà, ti ń wí pé wíìlì kékeré tí wọ́n fi ń sún ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀ ti bàjẹ́, tí Ọ̀gá Akínrìnádé sì ń dá a lóhùn pé ọwọ́ rẹ̀ ni kò dáa. Nígbà tí irin mìíràn tó ń gé tún bàjẹ́, ọ̀gá ní, "Fi hàn mí nísinsìnyí pé wíìlì ló bàjẹ́. Má tú u, má sì fọwọ́ kàn án. Bí o kò bá lè ṣe é, máa lọ sílé." Abíọ́nà mí kanlẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. "Ó dáa, sà. Ẹ bá mi yí i po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọgọ́rùn-ún ló yẹ kí kọ̀ǹpútà kà." Ọ̀gá yí i, kọ̀ǹpútà ka mọ́kànléláàádọ́rin. Ó pòṣé, ó tún un yí, ó ka ọgọ́rin. Ó fi ìbínú yí i lẹ́ẹ̀kẹta, ó ka ọgọ́ta. Abíọ́nà ní, "Ọwọ́ tiyín náà kò dáa nìyẹn, sà. Ta ni kó kọ́kọ́ máa lọ sílé nínú àwa méjèèjì?" Ọ̀gá ní, "Tú u." "Ẹ ti ní n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, sà." Bí ọ̀gá ṣe pa iná ẹ̀rọ nìyẹn, tó mú sikirudiráfà, tó sì tú wíìlì fúnra rẹ̀. Sikírù tó so ó mọ́ ọ̀pá rẹ̀ ló ti dẹ̀. Ó dè é le, ó tan iná, ó yí i, kọ̀ǹpútà ka ọgọ́rùn-ún géérégé. "Ẹ ṣé, sà," ni Abíọ́nà wí. "Ti ẹ̀rọ kejì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa kálọ."