Omi Inú Aago Ládàánì

Ládàánì Búsàrí kì í bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ bó bá ń ṣe àlùwàlá. Ó ní aago òun ò bẹ̀rù omi. Lóṣù ààwẹ̀, omi bo abẹ́ dígí aago náà, ìrun mògàríbà sì pẹ́ mọ́ àwọn aláàwẹ̀ lọ́wọ́. Ó rì í sínú ìrẹsì, ó gbẹ. Ọjọ́ kejì, omi tún dé. Ibo ló ń gbà wọlé?

Mùtíù tó ń tún aago ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. "Bàbá, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ta ló tú u?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń dún níbẹ̀ ni. Mo sì dé e padà!"

"Róbà tín-ín-rín tó dí ẹnu ìdérí rẹ̀ ńkọ́?"

Ládàánì wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀. Róbà tín-ín-rín kan tó he lórí ẹní ló fi so ibi tó ti já.